Àmì Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi àti Oyún Àkọ́kọ́

Wọ́n bí àmì kan mọ́ mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ètè òkè, ó sì dúró ní àárín ètè gan-an bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí osùn tó ti gbẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Mushin, àwọn ọmọ ilé wa máa ń bi mí pé ta ló fi osùn pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́ kan tí kò pa ìkejì. Àwọn àgbà kì í bi mí, ìyá mi ni wọ́n máa ń bi. Wọ́n á ní bóyá ó rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tó lóyún mi, tàbí ó jókòó ti iná jù. Ìyá mi kì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n tó bá ń fi ìpara pa mí lójú láàárọ̀, ó máa ń ní kí n má bínú sí òun, kò sì sọ ohun tó ṣe fún mi rí.

Àmì náà kò dùn mí, kò yún mi. Mo bá a dàgbà, mo bá a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo bá a gba iṣẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Sùúrùlérè. Ọkọ mi, tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì ní Ládìpọ̀, fẹ́ mi tòun tàmì. Ìgbà tí mo lóyún àkọ́kọ́ ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ̀rù ọmọ ló kọ́kọ́ jẹ́. Mo máa ń dúró níwájú dígí, máa fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, máa wo ọ̀tún, máa gbàdúrà pé ọ̀tún yìí ni kí ọmọ mi mú. Mo fẹ́ bi àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aboyún bóyá ó máa ń ràn, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù ìdáhùn ju bí mo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ lọ. Ìyá ọkọ mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ ní Yábàá, fi píìnì há etí ìró mi fúnra rẹ̀, ó ní kí n má ṣe rìn ní ọ̀sán. Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Mo rò pé mo mọ ohun tí kò fẹ́ wò.

Ní oṣù karùn-ún, nǹkan kékeré kan wú sí ètè mi, lórí àmì náà gan-an. Kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ó pupa, ó ń dán, ó sì rọ̀. Bí mo bá fi ahọ́n kàn án, ẹnu mi á dà bí ìgbà téèyàn lá irin. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, mo sì ń kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí ọkọ mi tí a bá ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ tú níbẹ̀, mo ń pe àpèkọ fún kíláàsì kẹta. Mo dé ọ̀rọ̀ kẹfà, nǹkan kan kán sórí ìwé orúkọ tó wà níwájú mi. Mo rò pé yíǹkì ni. Ó tún kán. Mo fi ọwọ́ kan ẹnu mi, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi sì pọ́n. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú bú sẹ́kún, ni gbogbo àwọn ọmọ bá sá lọ sí ẹnu ọ̀nà. Olùkọ́ kíláàsì kejì sáré wọlé, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi tẹ ètè mi. Gèlè náà rin gbindingbindin. Ẹ̀jẹ̀ náà kò ṣàn bí ti ọgbẹ́ lásán, ṣe ló ń ta jáde bí ọkàn mi ṣe ń lù. Mo fi ọwọ́ kejì di ikùn mi mú. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú mi ló ń bá ibẹ̀ lọ.

Wọ́n fi táásì gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan nítòsí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà ibẹ̀, ó tẹ ibẹ̀ títí tí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Lẹ́yìn náà ó wò ó pẹ́. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, pé ó lè jẹ́ nǹkan burúkú, pé bí òun bá sì fi abẹ kàn án, òun kò mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ á dá. Ó kọ lẹ́tà fún mi láti mú lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Mo gba lẹ́tà náà, mo fi sínú Bíbélì mi, mi ò sì lọ. Bí wọ́n bá gé e, mo lè kú. Bí wọn ò bá gé e, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń mu ẹ̀kọ tútù, tí mò ń fi ṣíbí dà á sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀tún, tí mi ò jẹ́ fọ eyín.

Ní ọjọ́ kẹwàá, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo ń bọ́jú ní balùwẹ̀, ó tún tú. Nígbà tí ọkọ mi wọlé, ẹ̀jẹ̀ ti dé àyà mi. Ó jókòó sí ilẹ̀ tútù náà nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ìka méjì di ètè mi mú, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe títí tí àwọn ará ilé yòókù fi jáde lọ sí ìsìn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà dá, ó ní, “Mo ti ka lẹ́tà inú Bíbélì yẹn láti ọjọ́ kejì. Mò ń dúró kí o sọ fún mi ni.”

Mo sọ fún un pé ẹ̀rù ló ń bà mí.

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ọ̀la la máa lọ.”

Ìgbà yẹn, kálukú ló ń ra òwú, sípíríìtì àti ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ lọ sí ọsibítù. A rà wọ́n, a sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó gbé ọmọ oṣù mẹ́ta. Nǹkan pupa kan yọ sí orí ọmọ náà bí iṣin tó pọ́n. Ó sọ fún mi pé ìgbà tí òun bí i, kò ju ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ lọ, pé ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ló ń tóbi. Mo sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ bo ikùn mi. Ojú ṣì ń tì mí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀, èmi tí àwọn èèyàn ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí. Nígbà tó jáde lọ́dọ̀ dókítà, ó dúró sọ fún mi pé wọ́n ní kí òun má fọwọ́ kàn án. Á wú fún oṣù díẹ̀ sí i, á dúró, á wá máa súnkì fúnra rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà, àfi tó bá fẹ́ di ọgbẹ́ ni kí òun gbé ọmọ padà wá.

Obìnrin ni dókítà náà, ó ti dàgbà, ó fi okùn so ìgò ojú mọ́ ọrùn. Ó fi dígí pẹlẹbẹ kékeré kan tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní kí ọkọ mi wá wò ó. Ọkọ mi ní àwọ̀ náà ṣí lọ lábẹ́ dígí, ó sì padà nígbà tó gbé e kúrò.

“Ìyàwó, ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀,” dókítà náà sọ fún mi. “Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín bí irun ló fẹ̀ nínú awọ ara rẹ kí wọ́n tó bí ọ, wọn kò sì padà sí bó ṣe yẹ. Kò sí ohun tí ìyá rẹ ṣe.”

Ọdún kan ti kọjá tí ìyá mi ti kú.

Ó bi mí bóyá gìrì mú mi rí, bóyá ojú òsì máa ń dùn mí, torí pé irú àmì yìí tó bá gun ìpéǹpéjú àti iwájú orí lè ṣe ìpalára fún ojú àti ọpọlọ. Tèmi kò dé ibẹ̀. Ó ní èyí tó wú sí mi létè, oyún ló fà á, ó máa ń yọ lára àwọn aboyún tí kò ní àmì kankan pàápàá, òun kò sì rò pé jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n òun máa gé e, òun á fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Mo bi í bóyá ọmọ mi máa ní àmì. Ó ní irú tèmi kì í sábà ran ọmọ, pé òun kò ní búra, ṣùgbọ́n òun kò retí i. Ọkọ mi bi í bóyá wọ́n lè mú gbogbo àmì náà kúrò. Ó ní nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó ń fi ìmọ́lẹ̀ pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí níbí, pé kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìpara tó ń bó ara fún mi.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gún ètè mi ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú. Ó gé e, ó sì ń fi irin oníná jó ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Mò ń gbọ́ òórùn ara mi bí ti ewúrẹ́ tí wọ́n ń wi lórí iná. Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́, wọ́n mú iná lọ. Fáànù dúró. Irin náà kú sí i lọ́wọ́. Mo rí ojú nọ́ọ̀sì, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù bà á. Dókítà fi òwú tẹ ibẹ̀, ó ní, “Má mira.” Mo gbọ́ tí wọ́n ń fa jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀, ó hó, ó kú, ó tún hó, ó kú. Ẹ̀jẹ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń gba ẹ̀yìn eyín mi lọ sí ọ̀fun. Ọmọ inú mi sọ kúlú. Nígbà tí iná dé, mo ti ya etí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sí abẹ́ mi láìmọ̀.

Àyẹ̀wò dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Mo bí ọmọbìnrin. Nígbà tí wọ́n gbé e fún mi, àárín ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì pupa títí lọ sókè iwájú orí, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ náà pupa. Tó bá ti ké, gbogbo rẹ̀ á pọ́n bí iná. Mo wọ fìlà òwú fún un, mo fà á dé ojú rẹ̀, nínú ooru tó ń mú wa nígbà yẹn. Ìyá ọkọ mi wá láti wẹ ọmọ, mo ní màá wẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Ó fi mí sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó bọ́ fìlà náà, ó yí i dojú bolẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó wo ọrùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú.

“Kí lo ṣe?” ó bi mí. “Ọkọ rẹ ní eléyìí nígbà tí mo bí i. Níhìn-ín àti níhìn-ín. Àbúrò rẹ̀ náà ní i. Dìde nílẹ̀.”

Lẹ́yìn náà, bó ṣe ń pa òrí sí ọmọ lára, ó sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wá ilé òun ni òun ti ń ṣọ́ra láti má ṣe wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, kí n má baà rò pé òun ń wò ó.

Síbẹ̀, mo gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ó fi ìka tẹ iwájú orí rẹ̀, ó funfun, ó sì tún pọ́n. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú irú èyí, pé àárín ojú ló wà, kò dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi tèmi. Ti iwájú orí á lọ. Ti ọrùn lè má lọ, ṣùgbọ́n irun á bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Kó tó lé ní ọmọ ọdún méjì, àfi tó bá ń sunkún gidigidi ni mo máa ń rí ti iwájú orí.

Nígbà tí mo lóyún ẹlẹ́ẹ̀kejì, ètè mi tún wú ní oṣù kẹfà. Mo sọ fún ọkọ mi kí ó tó jẹun tán, a sì wà lórí bẹ́ǹṣì dókítà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní ó kéré, kí a ṣì máa wò ó. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rù fi bà mí, mi ò jáde láìmú aṣọ ìnujú méjì sínú báàgì. Kò tú. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo bímọ, ó ti súnkì, ó sì bọ́ fúnra rẹ̀.