Évariste, Ẹni Tó Ń Ké Kí Iná Tó Jó

Mo fi gbogbo òkè Dassa búra: bí ẹyọ irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí wọ́n ya lulẹ̀ lù mí. N kò jókòó ní kíláàsì rí, síbẹ̀ ìwé tí mo ti kà ju ti olùkọ́ mẹ́ta lọ.

Évariste jẹ́ àgbẹ̀ ní Kpingni, nítòsí Dassa. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ sun igbó oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i ká, kó máa ké pé kí ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ jáde. Évariste ló mọ̀ ọ́n ké jù. Tó bá ké ní Kpingni, ewúrẹ́ á dìde ní Akofodjoulè.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn agbébọn pa Brice, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣe sójà ní àríwá. Ojú oorun ni wọ́n bá a. Évariste kò sunkún. Ó ń jẹun, ó ń roko, àmọ́ ojú rẹ̀ dà bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Claudia, wá láti Cotonou, ó ń béèrè èrò àwọn ará ìlú. Ó dé ọ̀dọ̀ Évariste.

“Bàbá, ṣé ó dáa kí orílẹ̀-èdè ní bọ́ǹbù átọ́míìkì, èyí tó ń pa odidi ìlú run lẹ́ẹ̀kan náà?”

“Ó dáa. Kí wọ́n jù ú síbi tí àwọn tó pa ọmọ mi wà.”

Perpétue ìyàwó rẹ̀ ń bó gbágùúdá. “Bàbá Brice, àwọn ọmọdé wà níbẹ̀. Ta ni yóò ké fún wọn?”

“Ta ló ké fún Brice?”

Claudia tẹ nǹkan sínú fóònù rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Nígbà tí koríko gbẹ, Évariste mú ìṣáná lọ sóko. Mo wà lórí àpáta. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣáná láìké. Perpétue sáré dé.

“Bàbá Brice, ẹ ò tíì ké.”

“Ohùn mi ti tán.”

“Ẹ jẹ́ kí n ké e.”

“Obìnrin kì í ké e.”

“Ẹ ṣáà dúró.”

Perpétue yí igbó náà ká, ó ń ké. Ẹyẹ pa lọ́lọ́ títí dé Savè! Ni arúgbó kan bá yọ, igi ìdáná lórí rẹ̀.

“Évariste! Ṣé o fẹ́ sun mí bí iṣu ni? Èmi tí n kò lẹ́ran lára!”

Évariste wò ó. Kò bẹ̀ ẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Ṣé ó ku ẹlòmíràn?”

“Kò kù.”

Évariste bá ṣáná.

Odile lorúkọ arúgbó náà. Ó ṣì wà láàyè ní Kpingni, ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Ẹ lọ bi í.