Olórí Ilé àti Aláǹtakùn Ojú Fèrèsé

Ṣé Ọlọ́run tó kọ́ aláǹtakùn ní iṣẹ́ òwú náà ló kọ́ ọ pé kó jẹ ọkọ rẹ̀? Mo ti kúnlẹ̀ bi Í léèrè títí, n kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ọkọ àbúrò mi ló kó mi sí ìyọnu yìí. Òun ni olùkọ́ kíláàsì ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. "Olórí Ilé" ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó kéré, ó gbẹ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń mi àjà. Àbúrò mi ń ṣe búrẹ́dì, ó sanra tó o lẹ́ẹ̀mejì, òun ló sì ń gbọ́ bùkátà.

Aláǹtakùn ọgbà kan wá ta àwọ̀n sójú fèrèsé kíláàsì. Olórí Ilé ní kí ẹnikẹ́ni má gbá a.

"Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ wò ó! Ó kọ́kọ́ na okùn gbígbẹ bíi wáyà táyà kẹ̀kẹ́, ó wá fi èyí tó ń lẹ̀ yí i po. Tó bá gbó, á jẹ ẹ́, á hun òmíràn. Kì í jáde, kì í ráhùn. Ìyàwó gidi nìyẹn!"

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́, sà?" ni ọmọge kan béèrè.

"Ó lọ síbi iṣẹ́."

Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ dé lóòótọ́. Kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ó dúró létí àwọ̀n, ó ń fẹsẹ̀ ta okùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé àna.

"Bàbá ti dé!" ni Olórí Ilé wí. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gba ọkọ."

Ìyá aláǹtakùn gbà á. Ó jẹ́ kó ṣe ohun tó bá wá. Ilé Ọlọ́run ni, n kò ní ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà ló fi òwú wé e bí ọmọ tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi ara rẹ̀ mu.

Àbúrò mi ló fọhùn láti ẹ̀yìn:

"Olówó orí mi, ṣé àpẹẹrẹ tí ẹ ní ká tẹ̀ lé nìyí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ń ké. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe ọkọ rẹ̀ ní Olórí Ilé mọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò lè gbàdúrà dáadáa nírọ̀lẹ́ yẹn.

Lánàá ni ọkọ àbúrò mi wá bá mi, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń kanlẹ̀kùn báyìí kí n tó wọ ilé ìdáná. Àbúrò yín kì í dá mi lóhùn, ẹ̀rín ló máa ń rín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í: ṣé kí n máa wọlé, àbí kí n dúró síta?"