Ilẹ̀ Dúdú Tí Wọ́n Fi Tapólì Bò

Kò sí ohun tó ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Mátẹ̀ẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn kan ń sọ kiri pé òun ló ń wa katakata níbi táǹkì epo àtijọ́. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹlòmíràn ló ń wa katakata. Iṣẹ́ Mátẹ̀ẹ́ ni láti dúró sétí kòtò, kó máa wo erùpẹ̀ tí wọ́n ń hú jáde, kó máa sọ èyí tó mọ́ àti èyí tí epo ti bà jẹ́, kó sì máa pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ gba orí èyí tó bà jẹ́. "Má tẹ̀ ẹ́! Mo ní má tẹ̀ ẹ́!" Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ta ni kò ní fi sọ ọ́ lórúkọ?

Ilé iṣẹ́ kan ló wà níbẹ̀ rí, tí wọ́n ń fi epo dúdú dáná ẹ̀rọ. Inú àwọn táǹkì irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú epo náà sí. Nígbà tí ọjà ò tà mọ́, àwọn ọ̀gá kó àga, wọ́n yọ fèrèsé, kódà wọ́n tú ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Táǹkì nìkan ni wọ́n fi ta ilẹ̀ lọ́rẹ. Ọ̀làwọ́ ni wọ́n. Irin náà dípẹtà, ó jẹra, ó sì ń da epo sínú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnikẹ́ni ò bi í pé kí ló dé.

Kí Mátẹ̀ẹ́ tó débẹ̀, ó ti fọ aṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó ti nu ilẹ̀ ọ́fíìsì, ó sì ti tọ́ ọmọbìnrin méjì tí wọ́n wà nílé ọkọ báyìí. Ọkọ rẹ̀, kó tó kú, máa ń sọ pé ìyàwó òun lè rí àbàwọ́n lára omi. Yẹ̀yẹ́ ló ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó padà wá ń ṣe jẹun gan-an nìyẹn. Á bu erùpẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò, á da omi mọ́ ọn, á dé e, á mì ín, á gbé e sójú oòrùn. Bí àwọ̀ òṣùmàrè bá tẹ́ lórí omi náà, epo ti wọ erùpẹ̀ ọ̀hún, abẹ́ tapólì ló ń lọ.

Ẹ ní kí Mátẹ̀ẹ́ gbálẹ̀, yóò fọ ilẹ̀ náà ni. Ó ní kí wọ́n fi ọgbà yí òkìtì ilẹ̀ dúdú náà ká. Ó ní kí wọ́n tẹ́ tapólì sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi òmíràn bò ó lórí, kí wọ́n fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n gba ọlọ́dẹ, kí ẹni tó bá sì ń jáde fọ bàtà rẹ̀. Ọ́fíìsì tó gbà á síṣẹ́ láti tún ilẹ̀ náà ṣe yìn ín, wọ́n wá fi ọgbọ́n tiwọn kún un: wọ́n ṣe pátákó ìkìlọ̀ ńlá kan, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, wọ́n sì gbé e kọ́ sínú ọgbà, níbi tí àwọn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ti lè kà á.

Ará àdúgbò ń wò.

"Ta ní í gba ọlọ́dẹ sí pàǹtí? Ilẹ̀ ọlọ́ràá ni wọ́n ń fi pa mọ́ fún wa!"

"Ẹ tún wá wò ó, wọ́n daṣọ bò ó kí òjò má pa á."

"Wọ́n ní kí wọ́n fọ bàtà kí wọ́n tó jáde. Èyí tó lẹ̀ mọ́ bàtà gan-an, wọn ò fẹ́ kó bọ́ sí wa lọ́wọ́!"

Kò sí èyí tí kò bọ́gbọ́n mu nínú gbogbo rẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kì í ṣe òótọ́.

Ẹni tó gbọ́n jù nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n Mátẹ̀ẹ́ lọ́kùnrin. Télọ̀ ni kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ló bá sọ ẹ̀fọ́ gbígbìn diṣẹ́. Òun àti ìyá wọn ló jọ ń gbé ilé bàbá wọn, ẹ̀yìn ilé ni ẹ̀fọ́ náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí ìyá ń mu. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun bí eérú, ẹ̀fọ́ ibẹ̀ sì rí bí ẹni tí ibà mú.

"Àbúrò mi, bù díẹ̀ fún mi nínú ilẹ̀ dúdú yẹn."

"Bọ̀dá mi, májèlé ni."

"Májèlé tí ẹ ń daṣọ bò bí ọmọ tuntun."

"Torí pé májèlé ni la ṣe bò ó."

"Ó dáa. Ahun kì í mọ̀ pé ahun lòun."

Ó bá gba ọ̀dọ̀ onítípà lọ, ẹni tí wọ́n ní kó máa kó ilẹ̀ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń yan án kí epo inú rẹ̀ lè jó tán. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni onítípà. Kò lè sọ pé rárá fún àgbàlagbà, pàápàá bí àgbàlagbà bá ti ki ọwọ́ bọ àpò. Bí típà kan ṣe ṣìnà dé ẹ̀yìnkùlé bàbá Mátẹ̀ẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí Mátẹ̀ẹ́ yà kí ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní géètì. Ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé.

"Ta ló da èyí síbí?"

"'Ẹ kú ìrọ̀lẹ́' la máa ń kọ́kọ́ sọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bọ̀dá mi. Ta ló da èyí síbí?"

"Ọlọ́run ni."

"Ìgbà wo ni Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀ sí í wa típà?"

Ó wo òkìtì náà, ó wo kànga. Àárín méjèèjì kò ju ibi tí ènìyàn lè tẹ́ ẹní sí lọ. Ó gbójú sókè: òjò ti ṣú, ojú ọ̀run dúdú ju ilẹ̀ náà lọ. Bí òjò yẹn bá lù ú, inú kànga ni epo ń ṣàn lọ, inú kànga náà sì ni ìyá rẹ̀ ti ń mu omi láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ó fa ìgò yọ nínú báàgì rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ sí i, ó bomi sí i, ó mì ín. Òṣùmàrè tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ẹ wò ó, Bọ̀dá."

Ọkùnrin náà fa gíláàsì tó wà níwájú orí wá sójú. "Ọ̀rá ilẹ̀ nìyẹn! Ṣé o ti rí ẹran tó rù tí omi rẹ̀ ní ọ̀rá rí? Ilẹ̀ yìí sanra ni."

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀."

"Ajílẹ̀ wo ló ń ta sánsán?"

Ìyá wọn jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ lè gbọ́ ìrìn èèrà.

"Kí lẹ̀ ń fà?"

"Màmá, ìlara ni. Kò fẹ́ kí ẹ̀fọ́ mi dáa."

"Ìwọ ní ọ̀rá ni?"

"Ọ̀rá gidi, Màmá."

"Tí òjò bá rọ̀, ibo ló ń ṣàn lọ?"

"Díẹ̀ lè kán sínú kànga, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ilẹ̀ lóore..."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbé ìgò yẹn fún un. Àkọ́bí mi, mu ún kí n rí i."

Ọkùnrin náà gba ìgò. Ó ṣí i. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu, imú rẹ̀ sì ṣáájú ẹnu débẹ̀. Ó wo ìyá, ó wo àbúrò, ó wo òjò.

"Màmá, ààwẹ̀ ni mo gbà lónìí."

"Abọ́ tí o fi jẹun tán rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Kí n tó rántí ni."

"Ohun tí ìwọ ò lè mu lo fẹ́ bù fún mi," ni ìyá wí. "Lọ gbé ṣọ́bìrì."

Mátẹ̀ẹ́ ti ń tẹ fóònù. Onítípà dé kíákíá, ọlọ́dẹ gbé tapólì dání. Wọ́n ń kó, wọ́n ń ha, títí wọ́n fi dé ilẹ̀ funfun, tí wọ́n sì tún gbẹ́ èyí náà wọlé díẹ̀, nítorí Mátẹ̀ẹ́ sọ pé ohun tí ojú rí nìkan kọ́ ni ìdọ̀tí. Ewébẹ̀ aláìsàn bá a lọ pátápátá. "Bọ̀dá mi, ẹ má tẹ̀ ẹ́!" ni igbe rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi tapólì bo ojú kòtò náà tán ni òjò dà.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ fẹjọ́ ara rẹ̀ sun ọ́fíìsì. Kì í ṣe ìwà akin, bí àwọn kan ṣe ń sọ. Àwọn nìkan ló lè yẹ omi kànga wò ní ilé àyẹ̀wò. Ọ́fíìsì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onítípà, wọ́n bá Mátẹ̀ẹ́ wí gidigidi, wọ́n sì gbé pátákó síta, gẹ́gẹ́ bí èrò tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí wọn lọ́kàn. Àyẹ̀wò ní kànga mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n má tíì mu ún títí àwọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nítorí náà, láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń lọ pọnmi ìyá lẹ́nu ẹ̀rọ omi tó wà ní òpin àdúgbò. Bí wọ́n bá bi í léèrè, yóò dúró, garawa lórí.

"Ẹ jẹ́ á dúpẹ́. Ọ́fíìsì ò mọ̀. Àbúrò mi gan-an ò tètè mọ̀. Imú tèmi yìí ló gbọ́ ọ."

Mátẹ̀ẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ó la ẹnu. Ó wo garawa náà: ó kún dẹ́múdẹ́mú, ilé ìyá rẹ̀ ló sì dojú kọ. Ó pa ẹnu dé.