Àwọn Lékeléke Orí Àràbà

Òórùn ẹrẹ̀ àti ẹja yíyan ló máa ń jí mi nílé wa létí èbúté, lọ́nà Ìpókíá. Kí oòrùn tó yọ, mo gbọ́dọ̀ ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kí n máa wo igi àràbà tó wà lódì-kejì omi, níbi tí àwọn lékeléke ń sùn. Bí wọ́n bá ṣì wà lórí ẹ̀ka, Bàbá mi á ti ọkọ̀ rẹ̀ bọ omi. Bí wọ́n bá ti fò lọ sápá oko kílẹ̀ tó mọ́, ìjì ń bọ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wakọ̀. Bàbá kì í ríran jìnnà mọ́ nígbà náà. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ló máa ń wí, "ìwọ sì ni ojú mi."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí lọ́jọ́ tí Bàbá fẹ́ gbé ẹja lọ sí Àjàṣẹ́, lódì-kejì bọ́dà. Ó ti ṣèlérí pé òun á ra búrẹ́dì gígùn ibẹ̀ bọ̀ fún mi. Mo ti fi fọ́nnu fún gbogbo kíláàsì wa, mo ti mọ ẹni tí màá bù fún àti ẹni tó máa wò mí lẹ́nu. Láàárọ̀ yẹn, mo wo àràbà. Kò sí ẹyẹ kan ṣoṣo lórí ẹ̀ka.

"Àwọn ẹyẹ wa ńkọ́?" ni Bàbá bi mí. Àjẹ̀ tó fi ń wakọ̀ ti wà léjìká rẹ̀.

"Wọ́n wà níbẹ̀, Bàbá."

Ìrọ̀lẹ́, nígbà tó yẹ kó máa padà bọ̀, ni ìjì náà dé. Ó ká páànù ilé àdúgbò. Màmá mi dúró sínú òjò létí omi, kò sunkún, ó kàn ń wo iwájú. Mo fẹ́ sọ fún un ohun tí mo ṣe, ṣùgbọ́n etí ìró rẹ̀ ni mo dì mú.

Lọ́jọ́ kejì ni àwọn apẹja rí Bàbá níbi tó ti di gbòǹgbò igi mú. Ọkọ̀ ti bá omi lọ. Nígbà tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, búrẹ́dì mi já bọ́, ó ti rin gbìndìn. Bàbá wò mí, kò bi mí ní nǹkan kan. Àmọ́ nígbà tó rí ọkọ̀ mìíràn wà, aládùúgbò wa ló ń bi léèrè ẹyẹ. Ìyẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Tíṣà ni mí ní Ìlaró báyìí, mo sì ti bímọ mẹ́ta. Ojú Bàbá ti fọ́ pátápátá. Nígbà tí mo lọ kí i lóṣù tó kọjá, a jọ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ní ìdájí, ló bá béèrè:

"Àwọn ẹyẹ wa ńkọ́?"

Kò sí ọkọ̀ tó fẹ́ wà mọ́, kò sì sí ohun tí irọ́ tàbí òótọ́ lè bà jẹ́. Síbẹ̀, mo dìde, mo sún mọ́ omi, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

"Méje péré ló kù, Bàbá. Wọ́n wà níbẹ̀."

Ó mi orí pé òun gbọ́, ó wá ọwọ́ mi kàn.

"O ṣeun, ojú mi."