Iyẹ̀pẹ̀ Orí Sàréè Ẹ̀gbọ́n Mi

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìyá mi rán mi: kí n bá òun bu iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè ẹ̀gbọ́n mi wálé.

Ìlú yunifásítì àtijọ́ kan ni sàréè náà wà, ní ilẹ̀ Faransé, òkun Mẹditaréníà ò jìnnà sí i. Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé níbẹ̀ ló ní kí n wá kí òun. Ìlú yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ kọ́ṣẹ́ dókítà nígbà tí mo wà ní kékeré, tí àìsàn sì pa á síbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sin ín, wọ́n wá fi fọ́tò sàréè ránṣẹ́. Nílé wa ní Beyerunka, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ la sin bàbá wa sí. Ìyá mi ò jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ní sìmẹ́ńtì. Ó ní ibẹ̀ lòun máa da iyẹ̀pẹ̀ ọmọ òun sí, kí ọmọ náà lè wálé.

Mi ò ní purọ́, ìlú náà wù mí. Bá a ṣe gun òkè tí mo rí àwọn òrùlé pupa, ṣe ló dà bíi pé orí Màpó ni mo wà. Ọmọ mi fẹ́ mú mi lọ wo ilé ìwé ìṣègùn tí wọ́n ní ó ti wà láti ayébáyé. Mo ní kó gbé ìyẹn sọ́hùn-ún ná, kó mú mi lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.

A dé itẹ́ òkú, fọ́tò wà lọ́wọ́ mi. A rí igi inú fọ́tò, a rí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ obìnrin òyìnbó kan ló wà lára òkúta, òdòdó tútù sì wà lórí ẹ̀.

Ọmọ mi bi bàbá tó ń tọ́jú ibẹ̀, ó wá ń túmọ̀ fún mi. Bàbá náà ní àyè ọ̀fẹ́ ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi sí, ọdún díẹ̀ lòkú sì ń lò níbẹ̀. Tí ẹbí ò bá yọjú, wọ́n á hú u, wọ́n á kó eegun ẹ̀ mọ́ tàwọn yòókù sínú yàrá abẹ́lẹ̀ kan tí wọ́n fi kọnkéré dí.

"Wọ́n hú u kẹ̀?" Mo figbe ta. "Subuhánálláhi! Ṣé ayálégbé lòkú ni?"

Inú bí mi débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n gbá bàbá yẹn létí, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ mí.

Ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ kàn bu iyẹ̀pẹ̀ níbikíbi. Ìyá àgbà ò lè mọ̀."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre! Iyẹ̀pẹ̀ òkú olókùú ni kí n lọ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi?"

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ti nawọ́ kí n tó jókòó. Mo fi ọ̀rá òfìfo lé e lọ́wọ́, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ń ká ọ̀rá náà, ó tún ń tú u.

"Torí pé a ò yọjú ni wọ́n ṣe hú u?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé kí n yọjú," ó ní. "Ǹ bá fẹsẹ̀ rìn débẹ̀."