Atẹ Ìrẹsì Ẹni Tó Fìdí Rẹmi

Ẹni tó bá gbọ́ bí a ṣe ń jiyàn lórí géèmù nílé wa ní Ìjẹmọ̀, l'Ábẹ́òkúta, á rò pé ọmọ iléèwé ni wá. Bẹ́ẹ̀, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ti ní ewú lórí. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń wọ rélùwéè lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń padà. Àbúrò mi ọkùnrin tó tẹ̀ lé mi ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà nítòsí ilé. Àbíkẹ́yìn wa, tí òun náà jẹ́ ọkùnrin, ń gbé l'Ékòó, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n tó bá ti di Sunday, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kóra jọ sí pálọ̀ màmá wa, a ó tan géèmù àtijọ́ tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, a ó sì máa gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí màmá wa fi lélẹ̀ láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni wọ́n ń tà, ẹni tó bá sì mọ ìrẹsì Ọ̀fàdà mọ̀ pé òkúta kì í wọ́n nínú rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú géèmù á ju páàdì tí a fi ń gbá a mọ́lẹ̀, ìjà á bẹ́. Ni màmá wa bá ní kí ẹni tó bá fìdí rẹmi fi páàdì sílẹ̀, kó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, kó máa ṣa òkúta inú ìrẹsì lórí atẹ títí ẹlòmíì á fi fìdí rẹmi tí á wá gba ipò rẹ̀. Wọ́n ní kí ọwọ́ tó ń yún wa lè ríṣẹ́ ṣe. A dàgbà tán, èmi lọ́kọ, àbúrò mi gbéyàwó, òfin náà kò yí padà.

Ọdún yìí wá ni ariwo géèmù tuntun gbòde. Kò tíì jáde o, ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì fojú rí i, àríyànjiyàn rẹ̀ ti kún ìgboro. Èmi kì í sì í jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá lára mi. Bí wọ́n bá ti ní nǹkan kan ń bọ̀, mo gbọ́dọ̀ mọ irú ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Nínú rélùwéè, fídíò ni mò ń wò láti Abẹ́òkúta dé Èkó, ti àwọn tó ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Wọ́n ní kò ní lẹ́nu tí a ó máa ki àwo géèmù bọ̀, pé orí afẹ́fẹ́ la ó ti máa fà á wọlé. Wọ́n ní koríko orí pápá á máa mì bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ koríko yìí gba ọkàn mi ju bó ti yẹ lọ. Mo fẹ́ rí i.

Ní Sunday kan báyìí, ọ̀rọ̀ náà gbóná ní pálọ̀.

"Kálukú á ra tirẹ̀," àbíkẹ́yìn wa wí. "Àǹtí mi á wà nílé wọn, bọ̀dá á wà nílé wọn, èmi á wà l'Ékòó. Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì la ó ti máa pàdé. Kò sí pé à ń wọ mọ́tò kiri mọ́."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo?" àbúrò mi dá a lóhùn. "Èyí tí kì í jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara wa lórí fóònù? Àwo géèmù tó kún inú àpótí yìí ńkọ́, ṣé ká fi máa dé ìkòkò ni?"

"Bọ̀dá, ẹ kàn ń bẹ̀rù ni. Èyí tí ẹ mọ̀ gan-an, gbogbo ìgbà lẹ̀ ń fìdí rẹmi lórí ẹ̀."

Ohùn màmá wa jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Èyí tí ẹ ní kò lẹ́nu yẹn, ibo ló ń gbà jẹun?"

Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbíkẹ́yìn wa kò kúrò lọ́kàn mi. Ta ló kọ́ àwa méjèèjì ní géèmù bí kò ṣe àbúrò mi yìí? Kò sẹ́ni tó ń nà án ní gbogbo àdúgbò tẹ́lẹ̀. Kí ló wá sọ ọ́ di ẹni tí kì í kúrò nídìí ìrẹsì mọ́? Nígbà tó tún kan òun àti àbíkẹ́yìn wa, mo mójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, mo gbé e lé ọwọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú gól, aṣọ́lé ti ṣubú, ibẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó gbé àtàǹpàkò kúrò lórí páàdì, ó dúró títí àbíkẹ́yìn wa fi wá gba bọ́ọ̀lù lọ. Nígbà tó fìdí rẹmi tán, ó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó lọ jókòó sídìí atẹ.

Ara mi kò gbà á. Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ mu omi, mo lọ dúró nídìí fíríìjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn àbúrò mi lọlẹ̀.

"Òṣíẹ̀lẹ̀ ni ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ṣì wà, Màámi, nílé àwọn òbí ẹ̀. Mo pè é láàárọ̀, kò sọ ìgbà tó máa padà. Ilé yẹn dákẹ́ jù."

"Òkúta kan ń bẹ níwájú ẹ yẹn," màmá wa ní. "Kí lo jẹ lónìí?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé omi tí mo ní mo fẹ́ mu. Ìyàwó rẹ̀ kó jáde, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbọ́. Ó wá yé mi. Ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n kò lè ṣàdédé wá jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan kó máa ro ẹjọ́ ilé rẹ̀, gbogbo agboolé á bi í pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi ẹni tó fìdí rẹmi ní nǹkan kan.

Mo padà sí pálọ̀. Àbíkẹ́yìn wa ti ń dúró dè mí.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin ló kù. Ẹ̀yin lẹ sì ń wá ìròyìn ẹ̀ kiri jù. Ṣé ká kó ti àtijọ́ yìí dànù?"

N kò tíì dáhùn tí màmá wa fi pè wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n bi yín. Tí kálukú bá wà nílé ara ẹ̀, ẹni tó bá fìdí rẹmi ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ta ló máa lọ?"

Àbíkẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín. "Kò níbi tó ń lọ, Màámi. Á kàn pa ẹ̀rọ ẹ̀ ni."

A kò gbọ́ ìró ìrẹsì lórí atẹ mọ́.

"Kó jáde ná," mo ní. "Mo fẹ́ rí koríko yẹn. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan la máa rà, pálọ̀ yìí ló sì máa wà."

"Ẹyọ kan, Àǹtí? Láyé tá a wà yìí?"

"Ẹyọ kan. Jókòó, kí n nà ọ́."

Mo sì nà án, ó ya èmi gan-an lẹ́nu. Ó kùn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àbúrò mi jáde wá, ó gbọn èérí ìrẹsì lọ́wọ́, ó gba páàdì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé àtàǹpàkò kúrò níbì kankan. Gól ló ń rọ̀jò lé mi lórí.

Bí a ṣe ń gbá a lọ, à ń gbọ́ àbíkẹ́yìn wa tó ń ṣàròyé pé òkúta pọ̀ jù, pé ẹ̀yìn ń ro òun. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ lọlẹ̀, a gbọ́ tó ní, "Màámi, ibi iṣẹ́ mi yẹn…" A kò gbọ́ ìyókù.

Géèmù parí, mo ti fìdí rẹmi. Mo dìde kí n lọ gba atẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti la ẹnu láti pè é, àbúrò mi di ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí mi," ó ní, "ẹ má tíì pè é."