Iye Tí Wọ́n Dá Lé Olúfúnmi

Àpèkẹ́ kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe tálákà. Abúlé kan lẹ́yìn Ìrókò ni ilé rẹ̀ wà, ọkọ rẹ̀ sì ti kú kí ogun tó dé. Epo pupa ni ó ń fún tà. Bí ẹyìn bá wọ́n, a jókòó sí ìdí òwú, a máa ran án. Ọmọ mẹ́rin ni ó bí. Mẹ́ta kú ní kékeré, Olúfúnmi nìkan ni ó kù sí i lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọ náà tó ẹni tí ń lọ ilé ọkọ, àgbẹ̀ kan láti Ìjàyè fẹ́ ẹ, ó sì mú un lọ. Ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn jù. Bí iṣẹ́ epo bá pọ̀, ọmọ a wá ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ fún ọjọ́ mélòó kan.

Wọn kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n ti fẹ́ra tí Ìbàdàn àti Ìjàyè fi gbé ogun ko ara wọn. Ọ̀nà dí. Àpèkẹ́ kò gbúròó ọmọ rẹ̀ mọ́, àfi ìròyìn ebi tí àwọn tí ó sá àsálà ń mú wá, pé ewé ni wọ́n ń sè jẹ nínú ìlú, pé iṣu kan ti di ohun tí ènìyàn ń fi aṣọ ìgbéyàwó rà. Nígbà tí Ìjàyè fọ́, àwọn ọmọ ogun kan kó ẹrú gba ọ̀nà abúlé rẹ̀ kọjá. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà láti òwúrọ̀, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí Olúfúnmi.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí ó tó mọ ibi tí ó wà. Rùkáyátù ni ó mú ọ̀rọ̀ náà wá. Obìnrin Ìbàdàn ni, mùsùlùmí, tí ó máa ń wá ra epo àti òwú ní àwọn abúlé kiri. Ó ní òun rí ọmọ Àpèkẹ́ ní oko jagunjagun kan tí wọ́n ń pè ní Akínwándé, lọ́nà Ẹ̀gbẹ́dá, ó ń tu ìdí iṣu. Àpèkẹ́ rin ìrìn ọjọ́ méjì débẹ̀.

Akínwándé kò sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Ó ní kí wọ́n fún un lómi, ó ní kí ó jókòó, ó sì sọ̀rọ̀ fún un bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún ìyá ara rẹ̀.

Ó ní, “Ìyá, ẹrú pọ̀ nílẹ̀ báyìí, iye wọn sì ti wálẹ̀. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni n óò gbà lọ́wọ́ yín. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni ẹ bí i, n kò ní gba iye yẹn.”

Àpò owó ẹyọ kan ni à ń pè ní ọ̀kẹ́ kan. Ẹgbàáwàá owó ni ó wà nínú rẹ̀, ẹrù orí géńdé kan. Àpèkẹ́ kò ní tó ọ̀kẹ́ kan nílé. Ogun ti ba ọjà jẹ́ fún ọdún méjì. Ìgbà tí ènìyàn kò wọ́n yìí gan-an ni kò sí owó lọ́wọ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù.

Wọ́n jẹ́ kí òun àti Olúfúnmi jókòó fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ náà ti rù. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ bí ọkọ òun ṣe kú, kò sì sunkún bí ó ti ń sọ ọ́. Ohun tí ó bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìyá òun má ṣe ta ilé.

Báyìí ni Àpèkẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń fún epo lójoojúmọ́, ó ń ran òwú bí ó bá ti jẹun alẹ́ tán, ó sì wọ èsúsú tí Rùkáyátù ń ṣe olórí rẹ̀. Obìnrin mẹ́sàn-án ni wọ́n, wọ́n ń dá owó ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ẹni tí ó bá kàn a kó o. Rùkáyátù kò jẹ owó ẹnikẹ́ni rí. Èyí tí Àpèkẹ́ bá kó, inú ìkòkò ni ó ń dà á sí, ó sì ń bo ìkòkò náà mọ́lẹ̀ nínú yàrá. Iyọ̀ nìkan ni ó ń rà lọ́jà. Aṣọ kan ṣoṣo ni ó ń ró títí ó fi gbó sí i nídìí.

Ní àkókò yìí kan náà, owó ẹyọ mìíràn wọ̀lú. Èyí tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ kéré, ó sì ń dán. Èyí tí ọkọ̀ òkun ń já sí Èkó tóbi, ó ṣú lójú, ó sì wúwo. Àwọn ará ọjà kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń gbà á, ọ̀kan fún ọ̀kan, nítorí pé òun ni ó kù tí ó pọ̀. Bí ó ti ń pọ̀ ni ohun gbogbo ń gbówó lórí. Inú Àpèkẹ́ ń dùn pé iye epo òun ń lọ sókè. Kò rò ó pé owó tí òun ti bò mọ́lẹ̀ kò bá wọn lọ sókè níbi tí ó sùn sí.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ọ̀kẹ́ mẹ́fà pé. Ó háyà alárù mẹ́fà, ó san ẹgbẹ̀ta owó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì bọ́ wọn lójú ọ̀nà. Akínwándé wo àwọn ọ̀kẹ́ náà nílẹ̀, ó mi orí.

Ó ní, “Ìyá, ọ̀kẹ́ mẹ́fà tí ẹ kó wá yìí kì í ṣe ọ̀kẹ́ mẹ́fà tí mo wí fún yín nígbà náà. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta ìbọn. Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ni báyìí.”

Àpèkẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gba mẹ́fà, kí òun wá san méjì lẹ́yìn. Akínwándé ní òun kì í gba àbọ̀ owó lórí odidi ènìyàn. Wọ́n tún gbé owó náà padà sí Ìrókò, alárù sì tún gba owó ọ̀yà wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Ó kọ́gbọ́n nídìí èyí. Nígbà tí ó di ọ̀kẹ́ mẹ́jọ, kò gbé e jáde. Ó kọ́kọ́ rán Rùkáyátù lọ béèrè. Rùkáyátù padà dé. Ó ní ọ̀kẹ́ méjìlá ni wọ́n ń pè é. Ó ní Akínwándé ti fi Olúfúnmi fún ẹrúkùnrin kan nínú oko, Olúfúnmi sì ti bí ọmọbìnrin kan. Múyì ni wọ́n ń pe ọmọ náà.

Àpèkẹ́ rí i nígbà yẹn pé òun kò lè fi ẹsẹ̀ lé owó náà bá. Bí òun bá tún dúró ọdún méjì, yóò ti di ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ó lọ bá Ọláníyì, olóko ńlá kan ní Ìrókò, ó fi ara rẹ̀ yá ọ̀kẹ́ mẹ́rin. Ìwọ̀fà ni a ń pe irú rẹ̀. Ọjọ́ kan yóò ṣiṣẹ́ fún Ọláníyì, ọjọ́ kejì fún ara rẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì ní dín kan nínú owó. Títí yóò fi san mẹ́rin náà ní pípé ni yóò máa sìn ín. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní ojú ti àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀.

Alárù méjìlá ni ó bá a lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Akínwándé gbà, ó ní owó náà pé. Àpèkẹ́ dìde láti gbé ọmọ kékeré náà, tí ó ti ń rìn nígbà yẹn, ni ọkùnrin náà bá ní kí ó dúró.

“Ìyá rẹ̀ ni ẹ rà. Inú oko mi ni wọ́n bí ọmọ yẹn sí. Ọ̀kẹ́ márùn-ún ni tirẹ̀.”

Rùkáyátù, tí ó bá wọn wá, bẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyàwó Akínwándé pàápàá bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí òun bá ṣe é fún ẹnì kan, òun yóò ṣe é fún gbogbo ayé. Ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lọ rò ó.

Àpèkẹ́ kò rí ohun tí ó wà láti rò. Ó ní kí Olúfúnmi di ẹrù rẹ̀, kí àwọn máa lọ, àwọn yóò padà wá mú ọmọ. Olúfúnmi kò dìde.

Ó ní, “Ìyá mi, ẹ gbé e lọ. Ẹrú ṣíṣe ti mọ́ mi lára. Òun kò tíì mọ̀ pé ẹrú ni òun. Kí ó tó mọ̀, ẹ gbé e kúrò níbí.”

“Ìwọ ni mo bí. Nítorí tìrẹ ni mo ṣe ń sin Ọláníyì.”

“Èmi náà bí i.”

Àpèkẹ́ ní kí wọ́n wá ka owó ọmọ náà.

Wọ́n da ọ̀kẹ́ márùn-ún sórí ẹní, ọkùnrin mẹ́ta sì jókòó tì í, wọ́n ń kà á ní márùn-ún márùn-ún. Kíkà náà gba gbogbo ọjọ́. Ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n fi ń kà á ni wọ́n fi gba Olúfúnmi láyè láti má lọ sóko. Ó di irun ìyá rẹ̀, ó sọ ohun tí Múyì fẹ́ràn láti jẹ fún un, pé àtàrí rẹ̀ ni kí wọ́n máa rọra fọwọ́ pa bí kò bá fẹ́ sùn. Nígbà kan, ọ̀kan nínú àwọn tí ń kà á ṣi owó kà, ó ní kí wọ́n tún òkìtì kan kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá àti ọmọ wo ara wọn. Inú wọn dùn sí àṣìṣe náà. Lẹ́yìn náà ó tán.

Ọ̀kẹ́ méje ni Àpèkẹ́ gbé padà sílé, àti ọmọ tí ó sunkún dé òkè ẹnubodè Ìbàdàn. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ tí kì í ṣe ti Ọláníyì ni ó ń fún epo, Múyì lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù mẹ́jọ ó rí ọ̀kẹ́ kan péré fi kún un. Ó ronú pé bóyá tí òun bá lọ fúnra òun, Akínwándé yóò gba mẹ́jọ.

Ó bá a nínú àgbàlá, tí ó ń ṣètò àtilọ sójú ogun. Akínwándé sọ fún un pé òun nílò ìbọn àti ẹ̀tù, òun sì ti ta mẹ́ta nínú àwọn ará oko fún oníṣòwò Ìjẹ̀bú kan. Olúfúnmi wà nínú wọn.

Ó ní, “Ó san méjìlá lójú ẹsẹ̀, ìyá. Ẹ̀yin náà mú méjìlá wá, ẹ sì kó méje padà.”

Àpèkẹ́ béèrè orúkọ ìlú tí wọ́n mú un lọ. Akínwándé ní òun kò béèrè. Ó dà bí ẹni pé ó dùn ún díẹ̀ pé òun kò béèrè.

Rùkáyátù fi ọdún méjì wádìí lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà tí ń lọ sí ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n.

Àpèkẹ́ san ọ̀kẹ́ mẹ́rin Ọláníyì fún un, ó sì bọ́ nínú ìwọ̀fà. Ọ̀kẹ́ mẹ́rin kù. Kò bò ó mọ́lẹ̀ mọ́; ó fi í sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń mú nínú rẹ̀ ra iyọ̀, ó ra aṣọ fún Múyì, ó ra èbù iṣu. Àwọn obìnrin èsúsú ní kí ó padà wá dá owó. Ó ní òun kò ní ohun tí òun fẹ́ kó owó ṣe.

Ọjọ́ kan tí Rùkáyátù wá ra epo, ó bá a tí òun àti ọmọ náà ń jẹun, ó sì kí i pé Múyì ń dàgbà, ó sanra. Àpèkẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi, ó sún abọ́ kúrò níwájú.

Ó ní, “Rùkáyátù, gbogbo ohun tí mo bá fi owó yẹn rà, ara Olúfúnmi ni mo ń bù jẹ.”

Múyì ń jẹun lọ. Rùkáyátù gbé epo rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà lọ.